Ọdún Tí Àwọn Ẹja Bàbá Stanley Gbààwẹ̀ ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bí ẹnìkan bá ní kí n sọ bí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ṣe rí, kì í ṣe bàbá mi ni màá kọ́kọ́ mẹ́nu bà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ò ní dùn sí i. Ẹja ni. Harpurhey, ní Manchester, ni ilé wa wà, ilé bíríkì pupa kan tí ilé mìíràn fún lọ́tùn-ún lósì bí èèyàn tó há sáàárín ìjókòó bọ́ọ̀sì. Láti orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti máa ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá ń lọ nínú ilé náà: ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tó máa ń wúkọ́ bí arúgbó kó tó gbaná, òjò tí kì í dá lórí òrùlé, ìyá mi tó ń wá bàtà kan kó lè tètè dé ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ tó sì ń fi ẹnu rẹ àbúrò mi jòjòló. Nítorí ọmọ yẹn ló ṣe ti Ìbàdàn wá. Ó ní òun á padà sílé bí ọmọ bá ti ń rákò, ṣùgbọ́n ọmọ ti rákò, ó ti rìn, ó ti ń sáré, Ìyá Àgbà ò tíì lọ. Ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn aládùúgbò gbin òdòdó sí, adágún omi kan ló wà nítiwa, tó jìn dé àyà àgbàlagbà. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní koi ń gbé. Òmíràn pupa bí epo, òmíràn ní dúdú àti funfun bí àdìrẹ tí kò mu aró tán. Èyí tó tóbi jù nínú wọn funfun báláú, ó sì ní àmì pupa roboto kan ní àtàrí. Nítorí àmì yẹn ni Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́ ní Alhaja. Ó ní ó jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

Àwa kọ́ la kó ẹja wọ̀lú. Ọwọ́ bàbá òyìnbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Stanley la ti ra ilé náà. Ìyàwó rẹ̀, Doreen, ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Eccles, nínú ilé òkè tí kò ní ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ tó kó jáde, ó dúró létí omi, ó di fìlà rẹ̀ mú sọ́wọ́, ó sọ fún bàbá mi pé Doreen ló ni ẹja wọ̀nyí, pé láti ìgbà tí Alhaja ò ju ìka ọwọ́ lọ ló ti ń tọ́ ọ. Ó ní, “Bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, mo máa wá wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn.” Ó wá ṣàlàyé bí a ó ṣe tọ́jú wọn. Ó ní bí ewé bá ti wọ́ tán lórí igi, kí a má ṣe fún wọn lóúnjẹ mọ́ rárá, torí bí omi bá tutù, ikùn ẹja á sùn, oúnjẹ tó bá sì bá ikùn lójú oorun, ṣe ló máa bàjẹ́ síbẹ̀. Èyí tí wọn ò bá sì jẹ á rà sísàlẹ̀ omi, á di májèlé. Ó ní bí omi bá dì, kí ẹnikẹ́ni má lù ú, nítorí ariwo rẹ̀ lè pa wọ́n. Kí a gbé ìkòkò omi gbígbóná lé orí yìnyín títí á fi yọ́ ihò síbẹ̀, kí wọ́n lè rí atẹ́gùn fà. Bàbá mi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Mo mọ irú ìmirí yẹn. Bó ṣe máa ń mirí nìyẹn bó bá ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa kan òun láti sọ.

Nígbà tó kàn án, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, “Mr Stanley, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.” Bó bá ti parí síbẹ̀, ì bá dára. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa, kì í sì í ṣèlérí lójú èèyàn kan ṣoṣo. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi àwọn apá kan kún un. Ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ bá òun ka ọjọ́ tí òyìnbó máa wá bẹ ẹja rẹ̀ wò sí ọjọ́ tí a ó fi ìwà ọmọlúàbí hàn ní gbogbo Manchester. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí ìlérí èèyàn méjì ṣe di ti gbogbo ìlú nìyẹn, tí ẹ̀mí Alhaja sì di ọ̀kan náà pẹ̀lú orúkọ bàbá mi.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo àlejò tó bá ya ilé wa ń bi wá. Wọ́n á kí wa tán, wọ́n á mu omi, wọ́n á rìn dé ojú fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n á tẹjú mọ́ àwọn ẹja. Àǹkù Ràṣídì, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń gbé ní Broughton, ló ń bi wá jù, nítorí kò sí Sátidé tí kì í wá.

“Alága, àwọn ẹja yìí mà ti sanra o.”

“Mo rí i, Ràṣídì.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa tó pípa?”

“A kì í pa wọ́n. Wíwò ni wọ́n wà fún.”

“Ẹja wíwò.” Àǹkù Ràṣídì á yí ojú sí ìyá mi. “Ìyàwó, ẹ gbọ́. Èmi náà ní tẹlifíṣọ̀n nílé, mi ò bù ú sínú ọbẹ̀ rí.”

Ìyá mi á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, Àǹkù. Oúnjẹ ń bọ̀.” Oúnjẹ á sì dé lóòótọ́, nítorí kò sí ẹni tó wọ ilé wa tó jáde láìjẹun, títí kan ọkùnrin tó wá wo mítà iná. Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti nílé, mo sì ti rò ó dáadáa. Nílé wa, ìfẹ́ ò mọ ọ̀nà mìíràn gbà jáde ju inú abọ́ lọ. Bàbá mi ò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn mi. Ó máa ń já ẹran tirẹ̀ sí abọ́ mi, á sì ní kí n yé tẹjú mọ́ òun.

Òtútù ọdún náà tètè dé. Ewé wọ́ ní òpópónà wa títí igi fi dàbí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé orí sókè. Nínú ilé, bàbá mi ní ẹ̀rọ amúlégbóná kì í ṣe fún ẹni tó bá ní súẹ́tà, nítorí náà a wọ súẹ́tà lé súẹ́tà bí àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n ó ra ọ̀rá tó nípọn, òun àti Àǹkù Ràṣídì fi igi ta á lórí apá kan adágún náà bí àtíbàbà, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí Alhaja. Ìyá Àgbà jókòó sínú ilé ìdáná pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lára, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Ó ní, “Àkànní, nígbà tí mo bí ọ, tí òjò ń pa wá nínú ilé, kò sẹ́ni tó ta nǹkan kan lé ọ lórí.”

“Màámi, ìlérí ni mo ń pa mọ́.”

“Mo gbọ́. Pa èmi náà mọ́.”

Òwúrọ̀ tí omi kọ́kọ́ dì, bàbá mi gbàgbé gbogbo ohun tí Bàbá Stanley sọ. Ó mú ọmọ odó tí Ìyá Àgbà gbé ti Ìbàdàn wá, ó jáde pẹ̀lú bùbá àti bàtà òjò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún yìnyín bí ẹni ń gún iyán ìyàwó tuntun. Ìró rẹ̀ ń lu ògiri ẹ̀yìnkùlé gbogbo. Obìnrin aládùúgbò wa ṣí fèrèsé, ó wò ó, ó sì pa á dé pẹ̀lẹ́. Ìyá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, ló gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi orúkọ mi pè é, ó ní, “Bàbá Àbẹ̀ní, ṣé ẹ fẹ́ kí etí wọn di ni? Ìkòkò omi gbígbóná ni wọ́n sọ.” Bàbá mi ní òun mọ̀, pé òun kàn ń dán yìnyín náà wò ni. Nínú omi, àwọn ẹja ti sá sí igun kan, wọ́n dì mọ́ra bí ẹni tó gbọ́ pé ogun dé.

Ohun tó fẹ́ pa wọ́n gan-an kì í ṣe ọmọ odó. Fèrèsé yàrá mi ló kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí àwọn tó ń yọ́ jáde. Bàbá mi ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ẹja ní nǹkan kan. Gbogbo ilé dáhùn pé àwọn gbọ́. Lówùúrọ̀, Ìyá Àgbà á ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú ìrẹsì àná ní àtẹ́lẹwọ́, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àwọn ló ní kí ebi máa pa yín.” Kò ní pẹ́ tó wọlé tí ìyá mi á jáde bí ẹni fẹ́ da ìdọ̀tí nù, á rún eteetí búrẹ́dì sómi kó tó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Bó bá di Sátidé, Àǹkù Ràṣídì á lọ fi ojú kan àtíbàbà tó ta, àjẹkù pọ́fù-pọ́fù á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kálukú rò pé òun nìkan ni. Kálukú sì wọlé wá jẹun pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́. Àwọn ẹja ò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń rì sísàlẹ̀, ó ń kóra jọ. Títí di òní, mi ò mọ ilé mìíràn tí ẹja ti lè fẹ́ kú nítorí àánú.

Ìgbà tí yìnyín yọ́ díẹ̀ ni òórùn sọ fún wa. Omi ti di dúdú bí omi gààrí tó ti kan. Ẹja kékeré méjì léfòó, ikùn wọn dojú kọ sánmà. Alhaja fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ létí òkúta, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, àmì pupa orí rẹ̀ ti ń ṣá. Mo rántí ojú bàbá mi. Gbogbo bó ṣe ga tó, ṣe ló dàbí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láàárín ọjà pé kó wá dá nǹkan tó jí padà. Àǹkù Ràṣídì wo àwọn méjì tó ti kú, ó ní, “Alága, àwọn tó ti kú yìí ńkọ́? Kí wọ́n má lọ ṣòfò báyìí.” Ìyá Àgbà fi aṣọ funfun wé wọn, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, a kì í fi òkú àlejò se ọbẹ̀.

Bàbá mi pe ìpàdé sí ilé ìdáná. Ó na ìka sókè, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ba òun lórúkọ jẹ́ nínú ilé ara òun. Ìyá mi ò jókòó. Ó gbé àwo kan síwájú wa, ohun tí wọ́n fi àwọ̀n kó nísàlẹ̀ omi ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń yà á sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, “Búrẹ́dì yìí, tèmi ni. Mo jẹ̀bi. Ìrẹsì yìí, ti Màámi ni.”

Ìyá Àgbà ní, “Èmi ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.”

“Pọ́fù-pọ́fù yìí, Àǹkù Ràṣídì.”

“Ó bọ́ ni,” ni Àǹkù Ràṣídì wí.

“Ó ń bọ́ ní gbogbo Sátidé. Kò burú. Èyí tó jẹ́ sáàdínì ńkọ́?”

Ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọn ò tàn pàápàá dákẹ́. Nínú ilé wa, ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ sáàdínì inú agolo, ìka rẹ̀ ló sì ṣì wà lókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àǹkù Ràṣídì ní, “Alága. Ẹ fún ẹja ní ẹja jẹ?”

“Ó ń wò mí,” ni bàbá mi wí. “Alhaja. Mo ń kọjá, ó gbójú sókè, ó ń wò mí.”

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Gbogbo wa la fẹ́ fi oúnjẹ pa á.” Ó wá kọjú sí Ìyá Àgbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, mi ò sì rò pé ó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gidi. Ó ní, “Màámi, ebi kọ́ ló ń pa wọ́n. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà.”

Ìyá Àgbà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló ní kí wọ́n gbà á?”

“Ẹni tó dá wọn ni.”

Ìyá Àgbà wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wa bí ẹni tó ká wa mọ́ ibi tí a ti ń jẹun lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Ramadan. Ó ní, “Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa ba ààwẹ̀ ẹlẹ́ààwẹ̀ jẹ́.”

Láti ọjọ́ náà, àwa ò tún ní àlàáfíà mọ́. Bàbá mi àti Àǹkù Ràṣídì ká apá aṣọ sókè nínú òtútù, wọ́n fi àwọ̀n kó ìsàlẹ̀ omi náà mọ́, wọ́n ń gbọ́n díẹ̀ kúrò, wọ́n ń da díẹ̀ tuntun sí i pẹ̀lú oògùn tí ń pa kẹ́míkà omi ẹ̀rọ, nítorí ìyá mi fóònù Bàbá Stanley, bàbá náà sì ní wọn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi ò sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọmọ Bàbá Stanley ló kọ́kọ́ gbé fóònù náà, ó sì sọ fún ìyá mi pé láti ìgbà tí bàbá òun ti dé Eccles, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ìyá Àgbà gbé àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé, pákò lẹ́nu, ọmọ lẹ́yìn, ó sì di wọ́dà. Ó ní a kì í jẹun lójú aláàwẹ̀, nítorí náà bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, a ó fa kọ́tìnnì. Ó lé Àǹkù Ràṣídì kúrò lẹ́yìnkùlé nítorí mítípáì kan. Lówùúrọ̀, bó bá ti ṣe alùwàlá tán, á tún omi gbígbóná rọ sínú búta irin rẹ̀, á gbé e lé orí yìnyín, á jókòó tì í títí yóò fi yọ́ ihò roboto síbẹ̀, á wá tẹ̀ síwájú díẹ̀, á ní, “Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́run á gbà á.” Bàbá mi ròyìn búta náà nípàdé ẹgbẹ́. Ó pè é ní ọ̀nà tí òun ṣàwárí.

Alhaja gbé ara nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó dọ́gba, ó rì lọ sísàlẹ̀. Ìyẹn la rí gbẹ̀yìn. Bí òtútù ṣe ń lọ, omi di aláwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó tún lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi á dúró síbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, á tún dìde. Kò lè sọ fún ẹgbẹ́ kí wọ́n má wá. Ó ti rán wọn létí jù.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọjọ́ ìbẹ̀wò Bàbá Stanley sì pé, wọ́n wá. Àga kún ẹ̀yìnkùlé, obìnrin aládùúgbò wa náà jókòó sójú fèrèsé ilé rẹ̀, ó gbé ife tíì lọ́wọ́. Bàbá mi wọ agbádá lé súẹ́tà. Bàbá Stanley dé, ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú. Ó ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí kọ́ọ̀tù rẹ̀ fi dàbí èyí tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kí àwọn ará Eccles, ó kí àwọn ará Broughton, ó ṣàlàyé ohun tí ọmọlúàbí jẹ́. Gbogbo ìgbà yẹn, Bàbá Stanley ń wo omi. Omi ò mì. Ẹnìkan lẹ́yìn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ṣé nǹkan ṣì wà níbẹ̀ ṣá?” Bàbá mi gbọ́, ohùn rẹ̀ sì já láàárín gbólóhùn.

Bàbá Stanley fi eékún kúnlẹ̀ sórí koríko tútù. Ó na ọwọ́ òfìfo sí ojú omi. Ó ní, “Doreen máa ń pè wọ́n ni. Èmi ò mọ bó ṣe ń pè wọ́n.”

Ìyá Àgbà bi ìyá mi léèrè ohun tó wí, ìyá mi sì sọ fún un. Ìyá Àgbà dìde lórí àga. Ó ní, “Àkànní, jókòó. Ariwo yín ló pọ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe aláàwẹ̀ wá ṣínu nìyí?” Àǹkù Ràṣídì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ dàbínù kan, ó ya ráńpẹ́ nínú rẹ̀, ó rún un, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ òyìnbó náà. Ó di ọwọ́ náà mú sínú omi pẹ̀lú tirẹ̀. Ó ní, “Bisimilahi. Ẹ máa bọ̀. Oòrùn ti wọ̀.” Oòrùn ò wọ̀, ọ̀sán ni, òjò ló sì fẹ́ rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ títí mo fi gbọ́ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ní òpópónà. Nígbà náà ni nǹkan pupa roboto kan hàn nínú omi aláwọ̀ ewé náà, ó ń tóbi sí i, títí Alhaja fi gbé ẹnu rẹ̀ sórí ìka Bàbá Stanley.

Bàbá òyìnbó náà fi ọwọ́ kejì nu ojú. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, “Ẹ mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ.”

Bàbá mi tún agbádá ṣe. Ìyá Àgbà ní, “Kí ló wí? Ó ń yìn ọ́? Sọ fún un pé àwọn ẹja ló gbààwẹ̀. Ẹ̀yin ò lè gbà á.”

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Stanley béèrè ohun tí màmá sọ.

“Ó ní kò tọ́pẹ́,” ni bàbá mi wí.

Bàbá Stanley wo gbogbo èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń nu ojú. Ó ní, “Kò tọ́pẹ́ yín yìí mà dùn o.”

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọwọ́ bàbá náà, ó sì ń tẹ egungun rẹ̀ wò pẹ̀lú àtàǹpàkò bí ẹni ń wo adìyẹ ọjà. Ó ní, “Ẹni yìí náà ti ń gbààwẹ̀. Ta ló ní kó gbà á?” Kò dúró de èsì. Ó fi ìyókù dàbínù náà sí i lẹ́nu, bàbá náà sì jẹ ẹ́. Bí ẹni tú ìdè ni. Àǹkù Ràṣídì gbé tábìlì ìjẹun jáde. Bàbá mi fúnra rẹ̀ gbé ìrẹsì wá, ó já ẹran tirẹ̀ lé e. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ti fi ọwọ́ dì mú láti ìgbà òtútù dà lé Bàbá Stanley lórí, abọ́ lé abọ́, kò sì kọ ìkankan. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn, ó ń wò ó.

Ìyá mi fara ti òpó ìlẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo bàbá arúgbó náà títí ó fi jẹ ti iwájú rẹ̀ tán. Ó mi orí. Ó ní, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run,” ó sì wọlé lọ gbé mọ́ínmọ́ín sí i fún un.